Ọmọbìnrin Inú Fídíò Tí Kò Mọ Ìkúnlẹ̀

Inú mọ́tò ni mo wà ní Ọ̀tan Ayégbajú, mò ń padà sí Ìlá, nígbà tí ewúrẹ́ kan kọ́kọ́ rìn lórí fóònù mi. Mọ́tò náà ku èrò kan kó kún. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, láàárín ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Kí n má baà máa wo títì lásán, mo ṣí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní èèyàn lè fi ṣe fídíò bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò ju mẹ́ta lọ: kí n mú àwòrán kan, kí n gbé e sí apá òsì, kí n fi ìka fà á lọ sí apá ọ̀tún. Ewúrẹ́ ni mo mú. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀, ewúrẹ́ náà sì ṣísẹ̀, ó rìn láti etí fóònù kan dé èkejì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni.

"Ẹ̀hẹn!" ni ìyá onítòmátì wí. "Ta ló ń dà á?"

"Èmi ni, mà."

"Dá a padà ká wò ó."

Mo dá a padà. Ọkùnrin tó ń sùn jí. Awakọ̀ yíjú sẹ́yìn, ó ní kí n jẹ́ kó dúró láàárín, kó jẹ nǹkan díẹ̀, pé ewúrẹ́ wo ló ń kọjá lọ báyẹn láìfẹnu kan nǹkan? Mo wá koríko, mo fi í sáàárín. Ọkùnrin tó wà níwájú ní koríko yẹn ti tutù jù, pé ewúrẹ́ ìlú wa kò ní wò ó nígbà tí èèpo iṣu bá wà. Bí a ti ń jiyàn lọ́wọ́ ni èrò tó kù dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, tó ń béèrè bóyá Ìlá là ń lọ.

"Ẹ ní sùúrù ná, bọ̀dá," ni awakọ̀ wí fún un. "Ewúrẹ́ wa kò tíì kọjá."

Kí a tó dé Ìlá, ewúrẹ́ náà ti kọjá nígbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti kó sí mi lára.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ fídíò. Mo kọ́ ọ fúnra mi lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì, nítorí ibẹ̀ nìkan ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń lágbára, pàápàá bí èèyàn bá kọjú sí ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ọ̀fẹ́ ni mò ń lò. Ẹni tó ń lo ọ̀fẹ́ kò lè ṣe fídíò tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fara da àmì àwọn tó ni ojú ewé náà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Àwòrán èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n kó síbẹ̀ fún ìlò wa. Mo kà wọ́n. Kò sí ẹyọ kan tó wé gèlè tàbí tó dé fìlà. Méjì nínú wọn gbá pákó gígùn kan mọ́ra, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé wọ́n fi ń gun ìgbì òkun ni. Oríṣi oúnjẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, iyán kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iyán ni mo nílò. Bí oúnjẹ ṣe ń rin ìrìn àjò nínú ara ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Mo gún iyán fúnra mi, mo gbé òkèlè kan sórí aṣọ dúdú, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ìka gé gbogbo dúdú tó yí i ká kúrò, ó wá ku òkèlè funfun nìkan. Mo mú ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà, ọmọ dúdú kan tó wọ súwẹ́tà pupa. Mo mú un jókòó ti tábìlì, mo jẹ́ kí òkèlè sọ̀kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀, kó wọ àpòlúkù, kó gba inú ìfun kékeré lọ sínú ìfun ńlá. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n ní kíláàsì, ọmọ kan nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ọbẹ̀ dà? Ó máa há a lọ́fun o."

Mo fi ọbẹ̀ sí i. Òmíràn ní ọmọbìnrin náà kò fọwọ́. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ọwọ́ fífọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá.

Fóònù ni ìṣòro mi. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì yẹn, ọmọ mẹ́fà péré ló sì lè wo fóònù mi lẹ́ẹ̀kan náà láìfi orí gbá ara wọn. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ní láti fi í hàn, ogójì ìṣẹ́jú sì ni gbogbo ìgbà tí wọ́n fún mi. Bí àwọn mẹ́fà bá ń wò ó, ogójì tó kù ń jà. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò kékeré lórí rẹ̀, ọmọ mẹ́tàlá ló gba ààbọ̀ máàkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù kọ ọ́ pé ìfun ńlá ni ẹ̀gbọ́n ìfun kékeré, kò sì kọ nǹkan mìíràn mọ́. Ìdánwò ìjọba tí wọn yóò fi wọ kíláàsì àgbà sì ń bọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi ta wá lọ́rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé nìkan ni wọ́n tàn án. Láti ìgbà náà, abẹ́ aṣọ léèsì funfun ló ń gbé, òdòdó oníke sì wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sí kíláàsì, ọ̀gá wa mi orí.

"Tẹlifíṣọ̀n yìí kì í ṣe tèmi. Alága ẹgbẹ́ òbí ló buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Mú fídíò rẹ wá sípàdé wọn. Bí wọ́n bá gbà, gbé e lọ. Bí wọn ò bá gbà, má tún bi mí mọ́."

Ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta lè wo nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé èèyàn kì í bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ láìkí wọn, nítorí náà mo fi ìkíni sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà. Lára àwọn nǹkan tí ọmọbìnrin aláṣọ pupa náà lè ṣe, ọ̀kan wà tí wọ́n pè ní ìkíni: ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbọ́wọ́ sókè, á juwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú un. Ṣùgbọ́n apá ibi tí tábìlì iyán wà kọ́ ló kọjú sí. Mo tẹ ibì kan tí wọ́n fi ń yí àwòrán padà, ó sì kọjú sí tábìlì wẹ́rẹ́. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Bàbá Alága jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Iwájú ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀pá wà láàárín orúnkún wọn. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n wá, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Mo tan fídíò. Ọmọbìnrin náà yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́.

"Dá a dúró," ni Bàbá Alága wí.

Mo dá a dúró. Àìríire mi ni pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ga jù lọ ló dúró sí.

"Tíṣà, ọmọ ta nìyí?"

"Àwòrán ni, sà."

"Mo rí i pé àwòrán ni. Mo ní ọmọ ta ni?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, sà."

"Kò lẹ́nì kan, àbí? Ó hàn. Ọwọ́ wo ló ń jù sí wa yẹn?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ìyá gbé ọwọ́ ara wọn sókè láti fi wé e. Bàbá kan dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí wa gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe kọjú sí wa, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì.

"Òsì ni!" ló wí.

"Ha!" ni gbọ̀ngàn wí.

Alhaja kan gbà á sọ pé, "Bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ pé òsì ló ń lò, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n yín yẹn, Alhaja, ṣé òsì náà ló fi ń kí bàbá yín?" ni Bàbá Alága bi í.

"Láéláé! Wọ́n kọ́ ọ dáadáa."

"Ìdúró gbọnrangandan ló tún wà," ni Bàbá Alága wí. "Kò tilẹ̀ tẹ orúnkún."

"Ẹ foríjì í, Baba," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ ò rí iyán níwájú rẹ̀? Ebi ló ń pa á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Alága kò rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo mú fóònù mi jáde, mo fi hàn wọ́n pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ náà ń jù tẹ́lẹ̀, pé èmi ni mo tẹ ibì kan tó yí i padà. Mo tẹ̀ ẹ́: ọ̀tún. Mo tún un tẹ̀: òsì.

Bàbá Alága fi ọ̀pá tọ́ka sí mi. "Ọ̀tún ni ọmọ ọlọ́mọ fi ń kí wa, ìwọ lo wá yí i sí òsì?"

Akọ̀wé kọ ìpinnu sílẹ̀, ó sì kà á sókè: kí ọmọbìnrin inú fídíò wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí ní ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, kí alágbàtọ́ rẹ̀ mú un wá. Èmi ni alágbàtọ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n padà, wọ́n da léèsì bò ó.

Mo lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mẹ́tàlélógún ni ohun tí ọmọ aláṣọ pupa náà lè ṣe. Ó lè fò sókè, ó lè jó, ó lè sáré, ó lè fi fóònù sétí, ó lè jókòó kó ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni tó ń ṣàṣàrò. Kò lè kúnlẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sí ẹyọ kan tó lè kúnlẹ̀. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì ló sì gbà mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò láti orúnkún, mo sì gbé ìyókù sọ̀kalẹ̀. Ó dà bí ẹni tó rì sínú ẹrẹ̀. Mo wá lo ibi tí ó ti ń ṣe eré ìdárayá, tó máa ń lóṣòó. Mo fi han ọkọ mi.

"Ìyá Ìbejì," ló wí, ó ń rọra sọ ọ́, "ṣé ó fẹ́ yàgbẹ́ ni?"

Mo pa á rẹ́. Mo rò ó pé bóyá ọkùnrin ni kí n lò, kó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn kò le: mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó nàró, mo sì yí i ní àádọ́rùn-ún dígíríì gééré. Ó sùn gbalaja ní ìlà tó gún, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó kó ọwọ́ lérí.

"Yé è! Ta ló kú?"

Ọ̀rẹ́ mi ni, òun náà ló sì wá ràn mí lọ́wọ́. Ó ní bí wọn kò bá ní ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ká ṣe tiwa. Ó ní òun á kúnlẹ̀, kí n máa yà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí n fi ìka fa ìlà tọ ipasẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí n gbé orí ọmọbìnrin yẹn lé e. Mo ṣírò rẹ̀. Bí fọ́tò mẹ́sàn-án bá tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lo ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkúnlẹ̀ náà yóò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ó dín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń kúnlẹ̀: kì í já lulẹ̀, kì í sì í fà á. Yàrá àwọn tíṣà ni a ti ṣe é. Kò rọrùn láti tẹ́ mi lọ́rùn, mo ní kó tún un ṣe títí. Ó ti kúnlẹ̀ nígbà kẹrìnlá, ó ń gbójú sókè wò mí, mo dúró tì í pẹ̀lú fóònù, nígbà tí ọ̀gá wa ṣílẹ̀kùn.

"Kí ló dé?" ni wọ́n wí. "Kí ló ṣe fún ọ? Àwọn ọmọ ń wo yín láti ojú fèrèsé! Ìwọ, dìde. Ìwọ, dárí jì í. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, ó ti tán."

"Mà, kò sí ìjà, mà. A ń ya fọ́tò ni."

"Fọ́tò ẹ̀bẹ̀?"

Wọ́n jókòó, wọn kò sì kúrò títí a fi sọ níwájú wọn pé a ti parí ìjà. Mo ní mo ti dárí jì í. Ọ̀rẹ́ mi dúpẹ́. Bí wọ́n ti jáde, ó kúnlẹ̀ nígbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ló sì dára jù.

Orí ọmọbìnrin náà tóbi ju ara lọ díẹ̀ nígbà tí mo parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó nílẹ̀? Mo kọ́kọ́ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá.

"Bí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún un lọ́wọ́ ńkọ́, tó wá ta dìde? Ìgbà tí wọ́n bá ní kó dìde ló máa dìde."

Fídíò kò sì gbọ́ èdè. Mo pinnu pé èmi ni n ó dá a dúró pẹ̀lú rìmóòtù bí orúnkún rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, títí wọn yóò fi ní kó dìde. Mo lọ dán an wò ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, bí mo bá ti dá tẹlifíṣọ̀n yẹn dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń pa ara rẹ̀. Bó bá sì ti pa ara rẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú ló ń gbà kó tó padà síbi tó wà. Mo fọkàn balẹ̀. Ìforíjì wo ló ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún?

Ọjọ́ ìpàdé dé. Èrò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí kò lọ́mọ nílé-ìwé náà tilẹ̀ wá. Mo tan fídíò. Ọmọ aláṣọ pupa yọ, ó rìn wá sí àárín, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó tẹrí ba. Mo dá a dúró. Mo wo aago.

"Ẹ̀hẹn," ni Bàbá Alága wí. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. "Ọmọ mi, a ti gbọ́. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ ọ́ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. A ti dárí jì ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣàdúrà fún un."

Gbogbo èèyàn di ojú. Wọ́n ṣàdúrà pé yóò dàgbà, yóò dògbó. Àmín. Wọ́n ṣàdúrà pé ìwé tó ń kà yóò yé e. Àmín. Wọ́n ní kò ní ṣìnà, yóò rí ọkọ rere fẹ́, yóò bí ọmọ tí yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún kí òun náà. Àmín o! Ìṣẹ́jú méjì àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Mo rò pé ó ti tán. Bàbá Alága ní kí Alhaja gbà á níbẹ̀ nítorí pé òun ló gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ sí. Alhaja gbà á, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó jẹ́ òbí bá wa fi èdìdì dì í.

Òjíṣẹ́ náà fi orin bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wà lórí ẹsẹ orin kejì nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pa ara rẹ̀. Mo wo gbọ̀ngàn. Gbogbo ojú wà ní dídì, àfi ti ọ̀rẹ́ mi, tó ti là á, tó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo tẹ rìmóòtù. Àmì àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n yọ. Òjíṣẹ́ ń wọ inú àdúrà lọ. Mo wá ibi tí fídíò wà, mo ṣí i, ọmọbìnrin náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń rìn bí ẹni tí kò kánjú. Òjíṣẹ́ ní, "Ní ìparí." Ọmọ náà dé àárín. Òjíṣẹ́ ní, "Ní ìparí pátápátá." Orúnkún kan lọ sílẹ̀, èkejì tẹ̀lé e. Mo tẹ ìdádúró.

"Àmín!"

Wọ́n la ojú. Bàbá Alága wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo àwọn òbí.

"Ẹ wò ó," ni wọ́n wí. "Láti àárọ̀ yìí, kò mira. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Dìde, ọmọ mi."

Mo jẹ́ kó dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá wa bi wọ́n bóyá kí a wá wo ẹ̀kọ́ orí iyán náà kí wọ́n lè pinnu lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Alága ní kí la tún fẹ́ wò? Kí a gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí kíláàsì lóòjọ́. Àdéhùn kan ni wọ́n fi sí i: fídíòkífídíò tí mo bá ṣe, ọmọ náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí òbí kankan tó tíì rí ibi tí òkèlè gbà títí di òní.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tàn án ní kíláàsì, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ fún ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta, wọ́n sì ń wo ara wọn.

"Àǹtí, ẹ ní kó dìde," ni ọmọ kan wí. "Àwa kọ́ la bí i."

Mo ní àdéhùn ni. Olórí kíláàsì dìde, ó tún kọ́là ṣe, ó sì fi ohùn àgbà sọ pé, "Dìde, ọmọ wa." Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Ìkúnlẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án nínú ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fún mi, ìyókù sì jẹ́ ti òkèlè. Wọ́n wò ó papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan, láìsí ìjà, gbogbo wọn sì ń pe orúkọ ibi tí òkèlè bá dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo tún ìdánwò náà ṣe, ìbéèrè kan náà. Mo máàkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú. Àwọn tó gba ààbọ̀ máàkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ mọ́kàndínlógójì nínú mẹ́rìndínláàádọ́ta.